Mọ Gíga Ọkọ̀ Rẹ Tòní: Ìtọ́sọ́nà Kí Orí Ọkọ̀ Má Baà Gbá Afárá

Mo bi dírẹ́bà tírélà kan pé báwo ni ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ga tó. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kò ju mítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ." Mo ní ká wọ̀n ọ́n. Mítà 4.38 la bá. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ náà, nọ́ńbà tó sọ sì jẹ́ òótọ́ lánàá. Kọ̀ntẹ́nà tó gbé lánàá ga ní mítà 2.59, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6. Èyí tí wọ́n gbé kà á lẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn jẹ́ oríṣi gíga, mítà 2.90, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 9 àti íǹṣì 6. Bí èèyàn bá dúró nílẹ̀ tó ń wo méjèèjì, wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko ló wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn sì tó láti bó òrùlé ọkọ̀ bí ẹni ṣí agolo.

Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Afárá kì í kúrò níbi tó wà, gíga rẹ̀ sì sábà máa ń wà lára pátákó. Ọkọ̀ lẹni tó ń wà á kì í mọ gíga rẹ̀, torí gíga ọkọ̀ ń yí padà bí ẹrù ṣe ń yí padà. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé: kí dírẹ́bà mọ nọ́ńbà tòní, kí nọ́ńbà náà sì wà níwájú rẹ̀ kó tó kúrò ní gáréèjì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: wọn ọkọ̀, má fojú díwọ̀n

Wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú dáadáa. Rí i pé gbogbo táyà ní atẹ́gùn tó yẹ. Bó bá jẹ́ báàgì atẹ́gùn ló gbé ọkọ̀ náà dúró dípò sípíríǹgì, tan ẹ́ńjìnnì, kó o jẹ́ kí báàgì náà kún dé ibi tó máa ń wà nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Bó o bá wọ̀n ọ́n nígbà tí atẹ́gùn ti jò tán, ọkọ̀ á kúrú ju bó ṣe máa rí lójú ọ̀nà, nọ́ńbà tó o kọ á sì tàn ọ́ jẹ.

Má ṣe gun orí ẹrù láti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá já bọ́ láti mítà mẹ́rin lè má dìde mọ́. Ọ̀pá ìwọ̀n tó ṣeé fà gùn wà lọ́jà, òun ló dáa jù. Bí kò bá sí, ọ̀nà tí mo máa ń gbà nìyí: mo máa ń wá igi kan tó gùn tó mítà 5, tó tọ́ gbọnrangandan, màá fi ọ̀dà sàmì mítà àti sẹ̀ǹtímítà sí i lára láti ìsàlẹ̀ dókè. Màá so igi kékeré mọ́ ọn ní ìdábùú, lọ́nà tó fi lè máa lọ sókè sódò. Ẹnì kan á gbé igi gígùn náà nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹlòmíì á lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán láti rí i pé kò dagun. Lẹ́fẹ́lì tí àwọn bíríkìlà ń lò máa ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá igi ìdábùú náà tẹ́jú. A ó wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí á fi kan ibi tó ga jù lórí ọkọ̀. Nọ́ńbà tó bá dúró sí ni gíga ọkọ̀.

Ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nọ́ńbà tó ga jù nínú wọn ni kó o mú. Wo àwọn ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé: páìpù èéfín tó yọrí lẹ́yìn kábíìnì, àpótí ẹ̀rọ amúlétutù lórí òrùlé, kíréènì kékeré tí wọ́n ká jọ, okùn àti tapólì tí wọ́n dì tó wú sókè bí iké. Bó bá jẹ́ katapílà ni lóbẹ́ẹ̀dì gbé, apá rẹ̀ ni kó o tẹjú mọ́, kì í ṣe ilé ìjókòó rẹ̀. Bí wọn ò bá tẹ apá yẹn kalẹ̀ dáadáa, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá afárá pàdé.

Ohun kan wà níbí tí mo fẹ́ kí gbogbo dírẹ́bà fi sọ́kàn. Ọkọ̀ kan náà tó ní òrùlé tàbí àpótí lẹ́yìn, bó bá ṣófo, ó ga ju ìgbà tó kún lọ. Ẹrù ló ń tẹ sípíríǹgì àti táyà mọ́lẹ̀. Bí ẹrù bá ti kúrò, ọkọ̀ á gbéra sókè, nígbà míì á tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Nítorí náà, èèyàn lè fi ẹrù kọjá lábẹ́ afárá kan láàárọ̀ láìsí wàhálà, kó já ẹrù sílẹ̀, kó máa padà bọ̀ nírọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà kan náà, kí òrùlé ọkọ̀ sì gbá afárá. Á máa lọgun pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibí kọjá ni!" Irọ́ kọ́ ló ń pa, àmọ́ ọkọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ kọ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn. Torí náà, wọ̀n ọ́n nígbà méjì, lófìfo àti pẹ̀lú ẹrù. Bí o kò bá ní àyè láti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà tó ga jù ni kó o máa fi rìn.

Má sì gbára lé ìwé ọkọ̀ nìkan. Gíga tó wà nínú ìwé jẹ́ ti ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó pààrọ̀ táyà, kí wọ́n tó kan àpótí mọ́ ọn, kí wọ́n tó fa tírélà mìíràn mọ́ ọn nídìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: kọ ọ́ síwájú dírẹ́bà

Orí èèyàn máa ń gbàgbé nọ́ńbà, pàápàá ẹni tó ń wa ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni pé ọkọ̀ ẹrù tí gíga rẹ̀ bá ju mítà 3 lọ gbọ́dọ̀ ní àkọlé gíga nínú kábíìnì, níbi tí dírẹ́bà ti lè rí i látorí ìjókòó. Ibi yòówù kó o wà, bóyá òfin béèrè rẹ̀ tàbí kò béèrè, ṣe é. Lo káàdì funfun àti yíǹkì dúdú, kí nọ́ńbà tóbi. Kọ mítà, kọ ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì sábẹ́ rẹ̀, torí o kò mọ èyí tí wọ́n máa kọ sára afárá tó wà níwájú.

Ṣọ́ra níbi ìṣirò yìí o. Ẹsẹ̀ bàtà 11.8 àti ẹsẹ̀ bàtà 11 pẹ̀lú íǹṣì 8 kì í ṣe ohun kan náà. Ẹsẹ̀ bàtà kan ní íǹṣì 12, kì í ṣe 10. Èyí àkọ́kọ́ fi sẹ̀ǹtímítà 4 ga ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 4 ti tó láti há ọkọ̀ mọ́ abẹ́ afárá.

Ẹni tó di ẹrù ni kó kọ káàdì, dírẹ́bà ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Bí ẹrù bá yí padà lójú ọ̀nà, káàdì náà gbọ́dọ̀ yí padà. Káàdì tó ti gbó tó wà lójú gíláàsì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn burú ju kí káàdì má sí lọ, torí dírẹ́bà á gbà á gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: rí i pé ohun tó ń gbéra sókè ti sùn sílẹ̀

Èyí kúrú, àmọ́ tipá àti ọkọ̀ tó ní kíréènì ló kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2014, tipá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra sókè sáré lọ gbá irin òkè afárá Burlington Skyway ní ìpínlẹ̀ Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n sì ní láti ti ojú ọ̀nà náà pa fún ọjọ́ mélòó kan. Tipá tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà lókè ti gbàgbé gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí káàdì. Fi agogo àti iná pupa sínú kábíìnì tó máa ké bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ò bá tíì sùn, má sì ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé wáyà rẹ̀ nítorí ariwo. Kó o tó kúrò níbi tó o ti da yanrìn, sọ̀ kalẹ̀, fi ojú ara rẹ rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yan ọ̀nà kó o tó gbéra

Máàpù orí fóònù tí àwọn onímọ́tò kéékèèké ń lò kò mọ̀ pé tírélà lò ń wà. Ọ̀nà tó yá jù ló máa fi hàn ọ́, yálà afárá rẹlẹ̀ tàbí kò rẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, nítòsí Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì alájà méjì kan tó ń wo irú ẹ̀rọ atọ́nà bẹ́ẹ̀ já sí ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà, ó sì lọ gbá afárá rélùwéè tí abẹ́ rẹ̀ kò ju mítà 3.28 lọ. Èèyàn mẹ́rin ló kú. Àwọn àmì ìkìlọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ti sọnù, tó ń wá bó ṣe máa padà sójú ọ̀nà tó mọ̀, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lára pátákó.

Ẹ̀rọ atọ́nà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ńlá wà, tó máa béèrè gíga, ìwọ̀n àti fífẹ̀ ọkọ̀ rẹ. Fi nọ́ńbà tòní sí i, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn náà, fi máàpù àwọn aláṣẹ ojú pópó yẹ̀ ẹ́ wò, kó o sì kọ gbogbo afárá tó wà lójú ọ̀nà náà sínú ìwé pẹ̀lú gíga wọn. Ní tèmi, mi ò ní gba abẹ́ afárá tí àlàfo òkè ọkọ̀ mi kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 15, torí ọkọ̀ tó ń rìn máa ń fò sókè díẹ̀ bí táyà bá kó sí kòtò.

Ẹni tó ń yan ọ̀nà gbọ́dọ̀ ronú nípa ọ̀nà kejì pẹ̀lú. Bí ọlọ́pàá bá ti ọ̀nà pa, tí wọ́n darí gbogbo ọkọ̀ sí àdúgbò tí dírẹ́bà ò dé rí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Kí dírẹ́bà ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó lè pè, kónítọ̀hún wo máàpù fún un nígbà tó bá páàkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bá a ṣe ń ka afárá fúnra rẹ̀

Nọ́ńbà tó wà lára afárá ni ibi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà tó yẹ kí ọkọ̀ gbà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n máa ń kọ ọ́ kó fi íǹṣì mélòó kan dín sí ohun tí wọ́n wọ̀n, kí àlàfo díẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Àwọn dírẹ́bà kan mọ èyí, wọ́n á ní, "Èlé wà nínú ẹ̀." Jọ̀wọ́, má ṣe ná èlé yẹn. Wọ́n lè ti da ọ̀dà tuntun sójú títì láìtún afárá wọ̀n. Ìpele ọ̀dà kan tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 ti jẹ èlé náà tán.

Afárá tí abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ga láàárín, ó sì rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ gíga bá fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀, àárín ló gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá ti kọjá. Irú ẹ̀ tún wà lórí afárá tí irin bá bò lókè. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, tírélà tó gbé ẹrù gíga kan gbá àwọn irin òkè afárá Skagit River ní ìpínlẹ̀ Washington. Irin yẹn tẹ̀ kọdọrọ, ó rẹlẹ̀ sí i lápá ìta níbi tí ọkọ̀ náà wà ju apá inú lọ. Apá kan nínú afárá náà ya lulẹ̀ sínú odò, ó kó ọkọ̀ méjì lọ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú wọn. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọ̀n wà lórí mọ́tò kékeré tó ń ṣáájú tírélà náà láti fi wo gíga ọ̀nà, síbẹ̀ ìyẹn kò dá tírélà dúró. Bí ẹnì kan bá ń ṣáájú rẹ láti wo gíga ọ̀nà, ojú rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó gbé fóònù sọ́nà jíjìn, kó sì jìnnà sí ọ débi tó o fi lè dúró bó bá ké.

Ohun mìíràn tí ojú kì í tètè rí: ibi tí ọ̀nà ti rì sísàlẹ̀ lábẹ́ afárá. Ọkọ̀ kúkúrú á bá ọ̀nà rì. Tírélà gígùn ńkọ́? Táyà iwájú ti ń gun òkè lódìkejì, ti ẹ̀yìn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán, àárín rẹ̀ wá dà bí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí kòtò. Bí ilẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 rì ní àárín yẹn, òrùlé ọkọ̀ ti fi sẹ̀ǹtímítà 5 sún mọ́ afárá. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wa tírélà gbọ́dọ̀ béèrè àlàfo tó ju ti àwọn ẹlòmíì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kò ní wọ̀, dúró

Níbí, ìtìjú ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Àwọn ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn, wọ́n ń fun fèrè, ọ̀gá ń pè lórí fóònù, mọ́tò bọ́ì ti bọ́ sílẹ̀, ó ń juwọ́ pé, "Máa bọ̀, máa bọ̀, ó máa wọ̀." Mo bẹ̀ ọ́, dúró. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀, ẹsẹ̀ tìrẹ sì wà lórí bíréèkì. Tan iná ìkìlọ̀, sọ̀ kalẹ̀, wo káàdì rẹ, wo pátákó. Bí nọ́ńbà ọkọ̀ bá ju ti afárá lọ tàbí tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, pe ọlọ́pàá kí wọ́n dá ọ̀nà dúró fún ọ láti fi ẹ̀yìn rìn. Àwọn tó ń fun fèrè á bínú fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á sì délé. Ọ̀gá tó bá bá dírẹ́bà jà nítorí pé ó dúró, òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ àwọn dírẹ́bà tó kù pé kí wọ́n máa ki orí bọ̀ ọ́.

Fún ẹ̀yin tí afárá àti ọ̀nà wà níkàáwọ́ yín

Dírẹ́bà nìkan kọ́ ló ni ẹrù yìí. Afárá rélùwéè kan wà lórí òpópónà South Gregson ní ìlú Durham, ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́ ní 1940. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 8, ìyẹn mítà 3.56. Láti 2008, ọ̀gbẹ́ni Jürgen Henn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ nígbà yẹn ti gbé kámẹ́rà sí i, kámẹ́rà náà sì ti ká ọkọ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbá a. Àmì wà, iná tó ń bù yẹ̀rì wà. Ní 2016, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń wo gíga ọkọ̀ mọ́ iná tráfíìkì: bí ọkọ̀ gíga bá ń bọ̀, iná á di pupa, pátákó á sì sọ fún un pé kó yà. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń wọ̀ ọ́. Wọn ò lè gbẹ́ ojú títì sísàlẹ̀ torí páìpù ńlá tó ń gbé omi ìdọ̀tí kọjá wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2019, wọ́n gbé afárá fúnra rẹ̀ sókè ní íǹṣì 8, ó di mítà 3.76. Ó dín in kù, kò pa á rẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí ìkìlọ̀ wà ló ṣe pàtàkì jù. Pátákó tó wà lára afárá nìkan ti pẹ́ jù. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà: ọkọ̀ tó ń sáré ní kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan ń gba mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá gba dírẹ́bà ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ kó tó rí ìkìlọ̀, kó yé e, kó sì tẹ bíréèkì, mítà 55 ti lọ. Ọkọ̀ tó kún fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò mítà 80 mìíràn kó tó dúró. Mítà 135 nìyẹn, kò sì tíì ríbi yà sí. Nítorí náà, ẹ gbé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ sí iwájú ìkóríta tó kẹ́yìn tí ọkọ̀ ńlá ti lè yà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà síbẹ̀. Ẹni tí ẹ sọ fún pé kó má lọ gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa lọ.

Lẹ́yìn pátákó, ohun tó ń fi ara kan ọkọ̀ ló máa ń jí dírẹ́bà jù. Ẹ gbé irin ìdábùú kọ́ sókè ọ̀nà, kẹ́ ẹ so ṣéènì tàbí pákó rọ́bà mọ́ ọn kó máa fì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní gíga kan náà pẹ̀lú abẹ́ afárá. Bó bá ń gbá òrùlé gbàgà gbàgà, dírẹ́bà á mọ̀ láìbéèrè. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ ṣáájú afárá Montague Street ní Melbourne, ní Ọsirélíà, tí abẹ́ rẹ̀ ga ní mítà 3 péré. Ẹ̀rọ ìtànṣán náà dáa: òpó méjì kojú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìtànṣán ń kọjá láàárín wọn, ohun tó bá gé e á tan iná. Ẹ lo ìtànṣán méjì tó tẹ̀ léra, kí ẹ̀rọ lè mọ ìhà tí ọkọ̀ ń lọ, kí ẹyẹ tó fò kọjá má sì máa tan iná lásán, torí iná tó bá ń tàn lásán, kò ní pẹ́ tí dírẹ́bà ò fi ní kà á sí mọ́. Níbi ọ̀nà abẹ́ omi Sydney Harbour, ńṣe ni wọ́n ń da omi sílẹ̀ bí aṣọ ìkélé níwájú ọkọ̀ tó ga jù, tí wọ́n sì ń fi iná kọ àmì "dúró" gàdàgbà sára omi náà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò rí i.

Irin ńlá tí wọ́n ń gbé síwájú afárá kó lè gba ìkọlù dípò rẹ̀ ń dáàbò bo afárá àti rélùwéè tó wà lórí rẹ̀. Kò dáàbò bo ọkọ̀ tàbí ẹni tó wà nínú ẹ̀. Ẹ má fi í rọ́pò ìkìlọ̀.

Ẹ wọn abẹ́ afárá ní gbogbo ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da ọ̀dà sí i, kẹ́ ẹ kùn ún ní yẹ́lò àti dúdú, kẹ́ ẹ sì gé ewé tó bá bo pátákó.

Bó bá ti gbá a ná

Má sá lọ, bó ti wù kó kéré tó. Afárá tí rélùwéè ń gba orí rẹ̀ kọjá lè má fi ohunkóhun hàn nísàlẹ̀, kí irin òkè ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, kí ọkọ̀ ojú irin sì máa bọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, pátákó kékeré wà lára afárá tó ní nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà afárá náà. Rélùwéè ni kó o kọ́kọ́ pè, kí wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin dúró, kó o tó pe ọlọ́pàá. Bí o kò bá rí pátákó náà, pe ọlọ́pàá, sì sọ fún wọn kedere pé afárá rélùwéè ni.

Gbé àwọn èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Má fi ẹ̀yìn fa ọkọ̀ tó há jáde: ó lè jẹ́ òun ló ń gbé ohun tó ti já dúró. Títú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè wálẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹnjiníà tó ti yẹ afárá wò ló gbọ́dọ̀ sọ pé ó ti yá. Ya fọ́tò káàdì tó wà nínú kábíìnì àti pátákó tó wà lára afárá, kí àwọn tó ń ṣèwádìí lè rí nọ́ńbà méjèèjì. Bí wọ́n bá tún ọkọ̀ náà ṣe tán, gbé igi ìwọ̀n jáde kó o tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òrùlé tó ti tẹ̀ rí kì í sábà padà sí gíga tó wà tẹ́lẹ̀.